Báńdì Bìfákà àti Olùdarí Rẹ̀

Òórùn ẹja yíyan ló máa ń ṣáájú ilé ẹ̀kọ́ wa dé pápá ìdíje. Mo rántí rẹ̀ dáadáa, nítorí pé ara aṣọ tèmi náà ló ti ń jáde. Nígbà náà, ìdíje báńdì àwọn ilé ẹ̀kọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbilẹ̀ ní Douala, ní ilẹ̀ Kamẹrúùnù, ni, kò sì tí ì ní gbogbo ariwo ẹ̀rọ àti aṣọ olówó ńlá tó ní lónìí. Ilé ẹ̀kọ́ mélòó kan péré ló ní báńdì, olùdarí kọ̀ọ̀kan sì ń fi ọgbọ́n orí ara rẹ̀ ṣe é. Òmíràn jẹ́ ṣọ́jà tó ti fẹ̀yìn tì, òmíràn a máa tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì. Tiwa ti fi ìgbà kan rí fọn fèrè fún àwọn èrò inú ọkọ̀ ojú omi, kó tó fẹ́ obìnrin kan tó ń yan ẹja ní Youpwè, tó sì fìdí kalẹ̀ síbẹ̀. Maestro ni a ń pè é, bí àwọn olórin ṣe máa ń pe ọ̀gá wọn.

Àwọn aládùúgbò ilé ẹ̀kọ́ kò gbà kí a máa lu ìlù sí wọn létí, nítorí náà, etí omi ní Youpwè ni Maestro ń kó wa lọ ní gbogbo ọ̀sán Sátidé. Ibi tí ìyàwó rẹ̀ ti ń yan ẹja ni àwa náà ti ń yan, láàárín ọkọ̀ àwọn apẹja. Èéfín a gba inú aṣọ, a gba inú irun, a tilẹ̀ wọ inú fèrè pàápàá. Bìfákà ni wọ́n ń pe ẹja kékeré tí wọ́n fi èéfín gbẹ níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ yòókù fi sọ wá ní Báńdì Bìfákà. Inú wa kò dùn sí i, ṣùgbọ́n kò sí irọ́ níbẹ̀.

Fèrè idẹ mẹ́rin la ní, gbogbo wọn ló ti gbó, Maestro sì ti fi ìda àbẹ́là àti rọ́bà kẹ̀kẹ́ dí ibi tí atẹ́gùn ń gbà jáde lára wọn. Kò sí ẹni tó lè ka àmì orin lórí ìwé nínú wa. Ẹnu ló fi ń kọ́ wa. Yóò kọ ọ́, a ó máa tẹ̀ lé e títí ètè yóò fi wú. Èmi fọn fèrè fún oṣù méjì, ohùn tó jáde níbẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́lẹ̀. Ó gbé mi lọ sídìí ìlù, mo ń sáré ju àwọn yòókù lọ. Níkẹyìn, ó gbé ọ̀pá kan tí wọ́n kùn ní àwọ̀ fàdákà lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n máa ṣíwájú. Mo gbà nígbà náà pé ẹwà mi ló rí. Ọdún gbọọrọ kọjá kó tó yé mi pé ọ̀pá nìkan ni ohun èlò tí kì í dún.

Òfin kan wà nínú ìdíje ìgbà náà tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò mọ̀. Tí báńdì bá ti gbẹ́sẹ̀, olùdarí kò gbọdọ̀ darí mọ́. Ẹ̀gbẹ́ àwọn adájọ́ ni yóò dúró sí, yóò káwọ́ sẹ́yìn, kò gbọdọ̀ mi orí, kò gbọdọ̀ ṣẹ́jú sí ẹnikẹ́ni. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀kọ́ ti wọ ọmọ lára lóòótọ́. Nítorí èyí, òfin tiwa kò ju ẹyọ kan lọ. Maestro a sọ ọ́ ní Faransé, a tún un sọ ní Píjìn: "Regarde devant! Weti person for front do, na so wuna go do." Ohun tí ẹni iwájú bá ṣe ni kí ẹ ṣe. Bí mo bá yà sọ́tùn-ún, gbogbo wọn gbọ́dọ̀ yà. Bí mo bá gbé orúnkún sókè, gbogbo orúnkún gbọ́dọ̀ gbéra. Àwọn àgbà wa ní àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Maestro kì í ṣe Yorùbá, ṣùgbọ́n òwe yẹn ló fi ń ṣèwà hù.

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, ọ̀gá tuntun dé sí ilé ẹ̀kọ́ wa. Ó ti gbọ́ nípa ọ̀dọ́kùnrin kan ní Yaoundé tó ní ìwé ẹ̀rí orin. Ó pe Maestro, ó sì sọ fún un láìfi bò pé bí ife ẹ̀yẹ kò bá wọlé lọ́dún yẹn, òun yóò gba báńdì lọ́wọ́ rẹ̀. Maestro fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún wa ní etí omi. Kò sunkún, kò sì bẹ̀ wá. Ó ní, "Mes enfants, if cup no come dis year, I go go," ó sì ní kí a tún un yan láti ìbẹ̀rẹ̀. A fẹ́ràn ọkùnrin náà gan-an, a sì mọ ohun tí a fẹ́ lọ jà fún.

Ṣùgbọ́n ilé tèmi ní òfin tirẹ̀. Ọmọ Ìwó ni bàbá mi, Mùsùlùmí ni, àlùbọ́sà ló ń tà ní ọjà Sandaga. Faransé tí à ń sọ láàárín ara wa ń bà á lẹ́rù. Ó gbà pé tí ọmọ bá ti mọ àgbà kí, kò tí ì sọnù. Bàbá kan sì wà tó jẹ́ olórí gbogbo Yorùbá ìlú náà, Bàbá Ẹgbẹ́ ni a ń pè é. "Níbikíbi tí o bá ti rí Bàbá Ẹgbẹ́, kúnlẹ̀," ni bàbá mi máa ń wí. "Bí ẹrù bá wà lórí rẹ, kúnlẹ̀ tẹrùtẹrù." Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí ìdíje wáyé ni mo gba ẹ̀gbẹ́ Bàbá yìí kọjá ní Sandaga, mò ń ka ìṣísẹ̀ lọ́kàn, un, deux, un, deux, n kò rí i. Ìròyìn ti dé ilé kí n tó dé. Bàbá mi kò nà mí. Ó kàn ní, "Tó bá jẹ́ pé báńdì yẹn ló ń kọ́ ọ kí o máa fojú fo àgbà, o ò ní í lọ mọ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló kù fún ọ." Mo bẹ̀ ẹ́, màmá mi bá mi bẹ̀ ẹ́. Láti ọjọ́ náà, gbogbo ohun tó bá ti ní irùngbọ̀n funfun ni mò ń kúnlẹ̀ fún.

Lọ́jọ́ ìdíje, òjò ti rọ̀ láàárọ̀, pápá sì rọ̀ bí ẹ̀kọ. Ilé ẹ̀kọ́ mẹ́ta ló ṣáájú wa. Ọ̀kan ṣi ẹsẹ̀ gbé, òmíràn jẹ́ kí fèrè bọ́ lọ́wọ́. Maestro ti káwọ́ sẹ́yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn adájọ́. Mo ju ọ̀pá sókè, mo sì hán an. Àwọn èrò hó. Àwọn fèrè onída wa ń dún bí tuntun. Mo rí ẹ̀rín tí Maestro ń gbìyànjú láti gbé mì, mo sì mọ̀ pé ife ti di tiwa. Ó ku díẹ̀ kí a kọjá iwájú àwọn àlejò pàtàkì nígbà tí mo rí agbádá, fìlà, àti irùngbọ̀n funfun. Bàbá Ẹgbẹ́ ni. Wọ́n ti pè é wá jókòó pẹ̀lú àwọn ẹni ńlá.

N kò ronú rárá. Mo kúnlẹ̀ gbì sínú ẹrẹ̀, tọ̀pátọ̀pá, mo ní, "Ẹ kú ìjókòó o, Bàbá." Àwọn àgbà ní ẹni iwájú tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ti Báńdì Bìfákà kò rí bẹ́ẹ̀. Ará yòókù rí mi nínú kòtò, wọ́n sì bá mi wọ̀ ọ́. Onífèrè kúnlẹ̀, onílù kúnlẹ̀, ọmọ tó ń lu ìlù ńlá kúnlẹ̀ tó fi dojú bo orí ìlù rẹ̀, wọn kò sì dá orin dúró. Orí ìkúnlẹ̀ ni wọ́n ti ń fọn ún lọ bí ẹni pé Youpwè la ti ṣètò rẹ̀ wá.

Ariwo tó sọ ní pápá, n kò tí ì gbọ́ irú rẹ̀ rí. Àwọn èrò rò pé àrà tuntun ni. Adájọ́ méjì tilẹ̀ pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n olórí wọn gbé ìwé òfin sókè: báńdì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá dúró kó tó dé òpin ti jáde nínú ìdíje. Bí wọ́n ṣe yọ wá nìyẹn. Ní ti Bàbá Ẹgbẹ́ tí mo torí rẹ̀ kúnlẹ̀, awò ojú rẹ̀ ló ń nù lọ́wọ́. Nígbà tó fi gbé e wọ̀ tán, ohun tó bi ẹni tó jókòó tì í ni pé kí ló dé tí àwọn ọmọ yìí wà nílẹ̀.

Maestro wá bá wa lẹ́yìn pápá. Mò ń sunkún, n kò lè gbójú sókè. Ó bi mí pé, "Na who you salute so?"

Mo ní, "Na we people dem big pa," pé bàbá tó jẹ́ olórí àwọn ènìyàn wa ni.

Ó wo ẹrẹ̀ orúnkún mi, ó wo ti àwọn yòókù lọ́kọ̀ọ̀kan. "All man kneel?" Wọ́n ní oui, Maestro. "Nobody stop music?" Wọ́n ní rárá. "Then wuna hear me fine," ló wí, ìyẹn ni pé ẹ̀kọ́ òun yé wa. Ó sì fa ìnujú rẹ̀ yọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu orúnkún mi.

Nílé, bàbá mi gbé mi gẹ̀gẹ̀. Ó gbé ìròyìn náà ká Sandaga, láti ìsọ̀ àlùbọ́sà dé ìsọ̀ tòmátì, pé ọmọ òun kúnlẹ̀ kí àgbà láàárín báńdì. Ó ra bàtà tuntun fún mi. Inú mi dùn sí bàtà náà, kí n má purọ́.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, Maestro wá fa báńdì lé ọ̀dọ́kùnrin ará Yaoundé náà lọ́wọ́. Mo fara pamọ́ sẹ́yìn táńkì omi, mò ń wò wọ́n. Kò fi ìbínú ṣe é. Ó ń fi ohun èlò kọ̀ọ̀kan hàn án: ìlù yìí kò fẹ́ òjò, ìda ló wà lẹ́yìn fèrè yìí, má gbé e sóòrùn, èyí kì í fẹ́ kí a fi agbára fọn ún láàárọ̀. Nígbà tó parí, ó dúró díẹ̀ nínú ọgbà bí ẹni tó ń retí nǹkan, lẹ́yìn náà ó gba ẹnu ọ̀nà jáde. Ojú ló tì mí. Èmi tí mo kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀ fún ẹni tí kò rí mi, n kò lè jáde lọ kí ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí mi pé ó dàbọ̀.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, fèrè tuntun dé, aṣọ tuntun dé, a kò lọ sí Youpwè mọ́, a kò sì rùn mọ́. A gba ife. Èmi ni mo gbé e yí ìlú ká nínú ọkọ̀, mo jó títí bàtà fi já. N kò rántí Maestro lọ́jọ́ náà, ẹ̀ẹ̀kan báyìí. Èyí ló ń dùn mí ju ìkúnlẹ̀ yẹn lọ. Ìkúnlẹ̀ jẹ́ àṣìṣe ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé. Ìgbàgbé yẹn, n kò mọ ẹni tó kọ́ mi.

Mo ti di ìyá àgbà báyìí, àdúgbò Yassa ní Douala ni mò ń gbé. Láìpẹ́ yìí ni ilé ẹ̀kọ́ wa ṣe àjọ̀dún, wọ́n sì pe àwa tí a ti wà nínú báńdì rí. Wọ́n ti tẹ ìwé kékeré kan lórí ìtàn báńdì náà. Wọ́n to orúkọ àwọn olùdarí síbẹ̀, ọkùnrin ará Yaoundé ló sì wà lókè pátápátá. Wọ́n ní òun ló dá a sílẹ̀. Mo dìde. Mo sọ fún wọn ní Faransé pé kò rí bẹ́ẹ̀, pé ẹnìkan wà ṣáájú rẹ̀. Mo sọ nípa etí omi, nípa ìda àbẹ́là, nípa ẹnu tó fi kọ́ ogún ọmọ lórin. Ọ̀dọ́bìnrin tó ń ṣe akọ̀wé fa ìwé mọ́ra, inú rẹ̀ dùn pé òun yóò tún ìtàn ṣe. Ó gbé gègé rẹ̀. "Merci, maman. Son nom, s'il vous plaît?" Orúkọ rẹ̀ ló ń béèrè.

"Maestro," ni mo wí.

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n kí ni orúkọ rẹ̀ gan-an. Mo wo àwọn mẹ́ta tó kù nínú àwa ìgbà náà, àgbàlagbà ni gbogbo wọn. Èmi ni àwọn náà ń wò. Títí di òní, mo lè fi bó ṣe ń rìn hàn yín, mo lè kọ orin tó kọ́ wa láìṣì ohùn kan. Ní gbogbo ọdún tí a fi tẹ̀ lé e, kò sí ẹyọ ẹnìkan nínú wa tó béèrè orúkọ rẹ̀.