Ọjọ́ Tí Mo Ṣe Ògbufọ̀ fún Àbúrò Bàbá Mi

Àbúrò bàbá mi ló mú mi wá sí Mẹ́kà. Òun ló bá mi wá àyè ní yunifásítì tí mo ti ń kọ́ èdè Lárúbáwá àti òfin ìsìn, òun ló fún mi ní yàrá nínú ilé rẹ̀ ní àdúgbò Az-Zahir, ìyàwó rẹ̀ ló sì ń gbé oúnjẹ síwájú mi fún ọdún mẹ́ta gbáko. Àlàájì ni gbogbo wa ń pè é, títí kan àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí wọ́n bí sí ibẹ̀, tí èèyàn á bá sọ Yorùbá, tí wọ́n á fi Lárúbáwá dáhùn. Mi ò ní bàbá mìíràn lórí ilẹ̀ yẹn.

Bahra ni Àlàájì ti ń ṣiṣẹ́, ìlú kékeré tó wà láàárín Mẹ́kà àti Jẹ́dà, níbi tí ṣọ́ọ̀bù àti ilé ìkẹ́rùsí pọ̀ sí. Ọmọ onílẹ̀ kan ló ni ṣọ́ọ̀bù káfíńtà náà. Òun ni kafíìlì àwọn òṣìṣẹ́ tó níwèé níbẹ̀, ìyẹn ẹni tó dúró fún wọn lọ́dọ̀ ìjọba kí wọ́n tó lè rí ìwé ìgbélùú gbà, ṣùgbọ́n ó lè tó oṣù méjì kó tó yọjú. Àlàájì ló ń bá a darí ibẹ̀. Ní Ọjọ́bọ̀, tí a kì í lọ sí kíláàsì, mo máa ń bá a lọ láti bá wọn kọ lẹ́tà, kí n sì gbá lẹ́búlẹ́bú igi kúrò nílẹ̀.

Òṣìṣẹ́ méjì ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ ọmọ Ìsẹ́yìn, ọkùnrin tó ti lé lógójì ọdún, tó wá ṣe hájì tí kò padà sílé mọ́. Kò ní ìwé kankan. Tó bá gbọ́ ìró ọkọ̀ ọlọ́pàá, ẹ̀yìn pákó tí wọ́n tò ti ògiri ló máa ń sá lọ, á sì dúró síbẹ̀ títí tí a ó fi pè é jáde. Ìkejì jẹ́ àgbà káfíńtà láti ilẹ̀ Íńdíà, ẹlẹ́sìn Híńdù. Híńdì la ń pè é. Nítorí pé kì í ṣe Mùsùlùmí, kò gbọ́dọ̀ wọ Mẹ́kà. Ọdún mọ́kànlá ló ti lò ní Bahra láì kọjá ibi tí ọ̀nà Mẹ́kà ti pín fún àwọn tí kì í ṣe Mùsùlùmí.

Tí a bá kírun Àílà tán, tí a ń jẹun, Híńdì máa ń sọ ìtàn fún mi pẹ̀lú Lárúbáwá ojú pópó tí àwa méjèèjì ń fi ọwọ́ ṣàtúnṣe. Ìtàn ogun kan ni, láti ayé àtijọ́ àwọn baba ńlá rẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, mo rò ó pé kò yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ òfin ìsìn jókòó gbọ́ irú rẹ̀. Àmọ́ ìtàn náà kò jẹ́ kí n dìde.

Ó ní ọmọ ẹ̀gbọ́n àti ọmọ àbúrò ló ń jà sí ìtẹ́ kan ṣoṣo. Nígbà tí ọmọ ogun méjèèjì tò tán, tafàtafà tó gbówọ́ jù ní kí ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ ogun òun wa òun lọ sí àárín. Ó fẹ́ rí àwọn tí òun fẹ́ bá jà. Ó wò, ó rí bàbá àgbà tó gbé e jókòó lórí itan. Ó rí olùkọ́ tó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di ọrun mú. Ọrun bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo bi í pé, "Ṣé ó padà sílé ni?"

"Rárá. Ó jà. Jagunjagun ni, iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n pa bàbá àgbà, wọ́n pa olùkọ́. Irọ́ ni wọ́n fi mú olùkọ́ yẹn."

Lọ́sẹ̀ mìíràn, ó sọ nípa bàbá àgbà yẹn fún mi. Jagunjagun tí kò sí irú rẹ̀ ni. Síbẹ̀, lọ́jọ́ kan, kí ogun tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi irun wọ́ aya ọba kan wọ gbàgede, wọ́n ń dójú tì í níṣojú gbogbo ìjòyè. Obìnrin náà yíjú sí bàbá àgbà pé kó gba òun. Bàbá àgbà wolẹ̀, kò ṣe ohunkóhun, torí pé àwọn tó ń ṣe ìkà yẹn ló ń bọ́ ọ, òun sì ti búra láti sìn wọ́n.

Inú bí mi. Mo ní, "Irú àgbà wo nìyẹn? Ẹnu rẹ̀ ni kò gbọ́dọ̀ dákẹ́."

Híńdì wò mí, ó gé búrẹ́dì sẹ́nu. Ó ní, "Ìwọ náà ń jẹun nílé ẹnì kan."

Mo dìde, mo mú ìgbálẹ̀.

Ní ọdún yẹn, a gba iṣẹ́ ilẹ̀kùn fún ilé kan ní Jarwal, ní Mẹ́kà, tí wọ́n ń tún ṣe de àwọn onírìn-àjò hájì. Iṣẹ́ náà pọ̀, ọjọ́ sì ti sún mọ́lé. Àwọn pákó rẹ̀ nípọn, wọn kò gba abẹ́ irin tó bo eyín ayùn oníná kọjá. Àlàájì fi sípánà tú irin náà. Ìṣojú mi ló ṣe é. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Híńdì bá a sọ ọ́ pé kó dá a padà, ẹ̀ẹ̀mejì ni Àlàájì ní kó gbájú mọ́ iṣẹ́ rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ kan, kí oòrùn tó kan àtàrí, mo gbọ́ igbe. Kì í ṣe igbe gígùn. Ọmọ Ìsẹ́yìn jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ayùn, ó ń wo ọwọ́ òsì rẹ̀ bíi pé kì í ṣe tirẹ̀. Ìka méjì ti lọ. Híńdì já láwàní orí rẹ̀, ó fi di ọwọ́ náà le, ó sì ní ká gbé e sínú ọkọ̀.

Àlàájì ti dúró sẹ́nu géètì. Ojú rẹ̀ ti yí padà. Ó ní, "Kò sẹ́ni tó ń gbé e lọ síbì kankan. Kò ní ìwé. Tí wọ́n bá rí i ní ọsibítù, wọ́n á bi wá pé ta ló gbà á síṣẹ́. A ó wá ẹni tí yóò tọ́jú rẹ̀ níbí."

Híńdì kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó yé e. Ó mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lórí ìṣó, ó gbé ọkùnrin náà wọnú ọkọ̀, ó sì ṣíná sí i. Ó wá wò mí kí n ṣí géètì.

"Má ṣí i," Àlàájì wí fún mi.

Mo dúró. Irin géètì náà kò ju ìgbésẹ̀ mẹ́ta sí mi lọ. Ẹ̀jẹ̀ ti ń gba inú láwàní yọ, mo sì ń wo bàtà mi. Híńdì fúnra rẹ̀ ló sọ̀ kalẹ̀, tó kọjá níwájú Àlàájì, tó ṣí géètì, tó wa ọkọ̀ gba ọ̀nà Jẹ́dà lọ. Kò wẹ̀yìn wò mí. Ọ̀pọ̀ nǹkan tí mo ṣe láyé ni mo ti gbàgbé, ṣùgbọ́n mo mọ àwọ̀ bàtà tí mo wọ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Ní ọsibítù, wọ́n pe ọlọ́pàá. Wọ́n dá Híńdì dúró. Kafíìlì sáré dé láti bi Àlàájì ohun tó ṣẹlẹ̀, Àlàájì sì sọ fún un pé Híńdì ló tú irin ayùn, pé òun náà ló mú ọkùnrin tí kò níwèé wá síbi iṣẹ́ lẹ́yìn òun. Iwájú mi ló ti sọ ọ́.

Lẹ́yìn ìrun Mọ̀ńgàríbà lọ́jọ́ Jímọ̀, ó pè mí sí pálọ̀. Ó ní, "Lọ́la, wọ́n máa gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọmọ Ìsẹ́yìn. Kò gbọ́ Lárúbáwá tó máa fi ṣàlàyé. Kafíìlì ti bá wọn sọ ọ́ pé ìwọ lo máa ṣe ògbufọ̀."

Mo ní, "Àlàájì, tó bá wá sọ pé ẹ̀yin ni ńkọ́?"

"Kó sọ ohun tó bá wù ú. Tìrẹ ni wọ́n máa gbọ́." Ó rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Kì í ṣe ara mi nìkan ni mo fẹ́ kó yọ. Ọmọ mẹ́rin ló wà nínú ilé yìí. Wọn ò mọ ibòmíràn. Ìwọ náà ńkọ́, ta lo rò pé yóò dúró fún ọ?"

Mo ti kẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹ̀rí jíjẹ́ ní sáà tó kọjá, mo sì ṣe dáadáa nínú ìdánwò rẹ̀. Mo mọ ohun tí òfin sọ nípa ẹni tó ń jẹ́rìí lórí ìbátan rẹ̀, pé kò gbọ́dọ̀ fi òtítọ́ pamọ́. Ṣùgbọ́n nínú ìwé, ìbátan yẹn kò lójú, kò lóhùn, kò tẹ́ ibùsùn fún mi rí. Mi ò sùn, mi ò sì lè gbàdúrà tó nítumọ̀.

Ní Sátidé, a dé ọsibítù ní Jẹ́dà. Wọ́n ti fi báńdéèjì wé ọwọ́ ọmọ Ìsẹ́yìn títí dé ọrùn ọwọ́. Híńdì dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọlọ́pàá kan, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Àlàájì jókòó sórí àga, ó ń ja tẹ̀sùbáà. Ọ̀gá ọlọ́pàá ṣí ìwé rẹ̀, ó ní kí n bi aláìsàn léèrè ẹni tó tú irin ayùn.

Mo bi í. "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní ta ló tú irin tó bo ayùn?"

Ó kọ́kọ́ wo Àlàájì, lẹ́yìn náà ó wo ẹnu ọ̀nà. Ó ní, "Ààfáà, ẹ sọ fún wọn pé Àlàájì ni. Mi ò bá Àlàájì jà o, oúnjẹ wọn ni mo ń jẹ láti ọdún méjì. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yẹn ló gbé mi wá síbí. Mi ò lè purọ́ mọ́ ọn."

Nínú gbogbo yàrá yẹn, èèyàn mẹ́ta péré ló gbọ́ ohun tó sọ. Ìró tẹ̀sùbáà ti dákẹ́.

"Kí ló wí?" ọ̀gá ọlọ́pàá béèrè.

"Ọmọ mi," Àlàájì sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ní Yorùbá. Kò fi nǹkan kan kún un.

Mo fẹ́ kí ẹnì kan wọlé, kí nọ́ọ̀sì wá yí báńdéèjì, kí iná lọ. Kò sẹ́ni tó wá. Mo gbọ́ ohùn ara mi tó ń sọ ní Lárúbáwá pé, "Ó ní Àlàájì ló tú u."

"Ta ni Àlàájì?"

Mo nàka. "Àwọn nìyí. Àbúrò bàbá mi ni wọ́n. Èmi náà wà níbẹ̀, mo rí i."

Ọ̀gá ọlọ́pàá gbé kálàmù sílẹ̀, ó wò mí. Lẹ́yìn náà ó gbé e padà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ.

Wọ́n tú Híńdì sílẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn. Kafíìlì kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ dé ilé ẹjọ́, ó san owó ìtọ́jú, ó sì ní òun kò dúró fún Àlàájì mọ́. Wọ́n fún Àlàájì àti ìdílé rẹ̀ ní oṣù kan láti fi ìlú sílẹ̀. Ọmọ Ìsẹ́yìn ńkọ́? Nígbà tí ọgbẹ́ rẹ̀ jiná, wọ́n mú un lọ sí ibi tí wọ́n ń kó àwọn aláìníwèé jọ sí, wọ́n sì dá a padà sílé. Òtítọ́ tó sọ kò gba òun náà sílẹ̀.

Mo fẹ́ kó jáde kúrò ní Az-Zahir lọ́jọ́ kejì tí a ti ọsibítù dé. Àlàájà, ìyàwó Àlàájì, kò gbà. Ó gbé ìrẹsì síwájú mi bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀. Mi ò lè fọwọ́ kàn án.

Ó ní, "Jẹun. Kì í ṣe oúnjẹ lo ṣẹ̀." Ó wọ yàrá rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn, mo sì gbọ́ tó ń sunkún.

Mo lọ sí Bahra láti rí Híńdì. Mo ti rò pé yóò dúpẹ́, ojú sì tì mí pé mo ń retí rẹ̀. Kò dúpẹ́. Ó ń fá igi. Mo sọ fún un pé géètì yẹn kò kúrò lọ́kàn mi.

Ó ní, "Àwọn tó borí nínú ogun yẹn, ṣé o mọ bó ṣe rí fún wọn? Ẹ̀gbọ́n tafàtafà yẹn tó jẹ ọba jókòó láàárín òkú, ó ní òun kò fẹ́ ìtẹ́ mọ́. Ìgbà yẹn ni ìyá wọn tó sọ pé ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n pa lódì kejì, ọmọ òun ni, àkọ́bí òun."

"Ṣé kò yẹ kí wọ́n jà nìyẹn?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀." Ó fẹ́ lẹ́búlẹ́bú kúrò lórí pákó. "Mo ní wọ́n sunkún."

Mo sìn Àlàájì àti ìdílé rẹ̀ dé pápákọ̀ òfurufú ní Jẹ́dà. Ọmọbìnrin tó kéré jù ń fi Lárúbáwá béèrè ọjọ́ tí wọ́n máa padà, ìyá rẹ̀ sì ń tún ìborí rẹ̀ ṣe. Láti ọjọ́ ọsibítù, Àlàájì kò tíì bá mi sọ̀rọ̀. Nígbà tó kan wọn láti wọlé, ó gbé àpò rẹ̀, ó dúró, ó ní, "Parí ẹ̀kọ́ rẹ." Ó sì wọlé.

Mo kó lọ sí ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́, mo sì parí rẹ̀. Nígbà tí mo padà sí Ìlọrin, ìlú wa, èmi àti Àlàájì ń kíra, a sì ń jẹun pọ̀ lọ́jọ́ Iléyá, ṣùgbọ́n kò dárúkọ Bahra rí. Àfi ọdún kan tí àríyànjiyàn dé láàárín ẹbí lórí ilẹ̀ bàbá àgbà wa, tí wọ́n ń wá ẹni tí yóò lọ gbọ́rọ̀ lẹ́nu àwọn ará abúlé wá. Oríṣiríṣi orúkọ ni wọ́n dá. Àlàájì, tó ti darúgbó nígbà náà, mi orí.

Ó ní, "Ẹ rán ọmọ yẹn. Ohun tí wọ́n bá sọ fún un ló máa sọ fún yín."

Mi ò mọ̀ bóyá ìyìn ni tàbí ẹ̀sùn, kò sì wojú mi kí n lè mọ̀. Mo bọ bàtà, mo lọ.