Ẹjọ́ Tí Mo Bá Ìyá Inú Fíìmù Rò

Aṣọ ilé ìwé ọmọ mi ni mo ń lọ̀ lọ́wọ́ nígbà tí oníkẹ̀kẹ́ dé. Iná ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, gbogbo ilé wa ní Jikwoyi sì ti sáré mọ́ áyọ́ọ̀nù, torí kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tí wọn yóò tún mú un lọ. Mo gbé tábìlì sẹ́nu ọ̀nà kí n lè máa gbọ́ ohun tí Màmá Èkìtì ń sọ láti yàrá òdìkejì. Àgbàlagbà ni, yàrá rẹ̀ ni a sì ti máa ń wo fíìmù àwọn ará Íńdíà nírọ̀lẹ́, torí tẹlifíṣọ̀n tirẹ̀ ló tóbi jù.

A kì í rántí orúkọ àwọn ará Íńdíà wọ̀nyẹn. Ohun tí a máa ń ṣe ni pé kí oníkálukú mú ẹnì kan nínú wọn, kó máa bá a rojọ́ bí ẹni pé òun gan-an ni. Bí ẹni inú fíìmù bá dákẹ́, tó kàn ń wo ojú fèrèsé, ìwọ tí o mú un ni yóò sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Èmi ni mo mú ìyá. Ìyá Ìlọrin, tó ń ta aṣọ ọmọdé nínú ọjà, ló mú àbúrò ọkọ ìyá náà, obìnrin tí kò rọ́mọ bí. Màmá Èkìtì kì í mú ẹnikẹ́ni, òun ni adájọ́.

Nírọ̀lẹ́ àná, àbúrò ọkọ ti bẹ ìyá pé kó fún òun lọ́mọ rẹ̀ obìnrin. Ìyá kò sọ nǹkan kan. Ó wo ọmọ, ó wo ilẹ̀, wọ́n kọ orin sí i, ó parí. Màmá Èkìtì ní ìbànújẹ́ ló wà lójú yẹn. Mo ní rárá o, ara ló tù ú. Ó ní kí n wá rò ó kí òun gbọ́. Mo bá dìde láàárín yàrá, mo fọwọ́ lẹ́rán.

“Ọmọ yìí ti sú mi,” ni mo wí. “Látìgbà tí mo ti bí i ni n ò ti sùn dáadáa mọ́. Bí mo bá rẹ́ni gbà á, ẹrù ti kúrò lórí mi nìyẹn.”

Ìyá Ìlọrin na ọwọ́ méjèèjì síta. “Gbé e fún mi, jàre. Mo láyè nílé.”

A rẹ́rìn-ín títí. Màmá Èkìtì ní kí n lọ gba ìwé lọ́yà.

Ẹjọ́ yẹn náà la tún ń fà lọ́sàn-án yìí tí oníkẹ̀kẹ́ fi yọ, ọmọ Hausa tó ń kó àwọn ọmọ wa bọ̀ láti ilé ìwé ní Kárù. Ó kí mi ní sannu, ó na ike omi ọmọ mi sí mi, ó ní ọmọ náà gbàgbé rẹ̀ nígbà tó sọ̀ kalẹ̀ ní jọ́ńṣọ̀n ọjà. Mo ní kí ló ń ṣe níbẹ̀.

“Kai, Màdámú, ó ní ẹ̀yin lẹ ní kó lọ bá àǹtí rẹ̀.”

N ò rán ọmọ sí àǹtí kankan. N ò ní àbúrò ní Abuja.

N ò mú fóònù, n ò yọ áyọ́ọ̀nù lára iná. Mo bọ́ sójú títì Karshi, mo ń sáré. Ẹni tó bá gbé Abuja nígbà tí bọ́ǹbù ń dún káàkiri mọ irú ẹ̀rù tó wà lára wa. Bí èrò bá pọ̀ níbì kan, a ó yà. Bí a bá rí báàgì tí a kò mọ ẹni tó ni ín, a ó sá. Ká má tíì sọ ti gbọ́mọgbọ́mọ. Mò ń yọjú sínú gọ́tà. Mò ń wo abẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù. Ọkọ̀ tí gíláàsì rẹ̀ bá ti dúdú, ó ń ṣe mí bíi kí n lù ú. Àwọn èèyàn ń bi mí pé kí ni wọ́n fi dì í lórí, n ò rí i rántí. Èmi tí mo mọ gbogbo ohun tó wà nínú obìnrin ará Íńdíà, n ò mọ irú ríbọ́nù tó wà lórí ọmọ mi.

Obìnrin tó ń sun àgbàdo ní jọ́ńṣọ̀n ní òun rí ọmọ kékeré kan tó gbé báàgì wọnú ọjà, òun nìkan, kò sì sunkún. Pé kò sunkún yẹn kò tù mí nínú rárá.

Iwájú ṣọ́ọ̀bù Ìyá Ìlọrin ni mo ti rí i. Ó jókòó lórí àpótí, báàgì lórí itan, ó ń jẹ bisikíìtì.

“Ìyàwó, ṣé o ò rí ìpè mi ni? Mo ti pè ọ́ títí.” Ìyá Ìlọrin rẹ ohùn sílẹ̀. “Ó ní òun ti kó wá bá mi gbé. Ó ní ìwọ lo gbé òun fún mi.”

Ọmọ náà ti wà lẹ́yìn kọ́tìnì lánàá, ó wá tọrọ omi, n ò sì rí i. Ọmọ mi ń gbọ́ Yorùbá ju bó ṣe ń sọ ọ́ lọ, Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń dáhùn. Lójú tirẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni fíìmù ń sọ, ilé ló ń sọ Yorùbá. Ohun tí màmá rẹ̀ bá fi Yorùbá sọ, òótọ́ ni. Láàárọ̀ ọjọ́ náà ó jẹun tán, ó dì mọ́ mi, ó ní ó dàbọ̀. Mo rò pé nítorí pé mo fi mílíìkì sí ògì rẹ̀ ni.

Mo na ọwọ́ sí i. Ó kọ́kọ́ wo ojú Ìyá Ìlọrin, bí ẹni tó ń tọrọ àyè. Ẹ̀rù tó bà mí nígbà yẹn ju ti ojú títì lọ.

Mo pọ̀n ọ́n wálé, bó ti dàgbà tó. Lójú ọ̀nà, ó bi mí ní Gẹ̀ẹ́sì pé ṣé òótọ́ ni pé n kì í sùn.

“Òótọ́ ni,” ni mo sọ fún un. “Nígbà tó o wà lọ́mọ ọwọ́, n kì í sùn, mo sì máa ń sunkún. Nígbà míì mo máa ń fẹ́ kí ẹnì kan gbà ọ́ díẹ̀ kí n lè wẹ̀. Tí wọ́n bá sì gbà ọ́ tán, n ò ní lè wẹ̀ dáadáa, etí mi á wà lọ́dọ̀ rẹ. Obìnrin inú tẹlifíṣọ̀n yẹn, n ò mọ ohun tó ń rò. Ṣe ni mò ń purọ́ mọ́ ọn. Bí o bá tún gbọ́ ohun tó dùn ọ́ lẹ́nu mi, má kó ẹrù rẹ. Wá fà mí láṣọ, kó o bi mí.”