Ìbọn Tí Ẹ Kọ̀ Láti Tún Ṣe: Ìdágbére Mi fún Tíṣà, Ọkọ Mi

Ó dìgbà kan ná o, Tíṣà mi. Ikú ṣe wá ní òfò ńlá. Ọkùnrin Èkìtì tó wá kọ́ wa níwèé ní Ìkọ̀yà, tó fẹ́ ọmọ Ìkálẹ̀, tó jẹ pupuru títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé iyán ilé bàbá rẹ̀. Ẹni tí kì í rí ohun àtijọ́ kó má gbé e wálé. Ilé wa kún fún owó oníhò, àtùpà tí kò ní gíláàsì, aago tí kò mọ àkókò. Bí mo bá ráhùn, ẹ óò ní, "Ohun tó bá ti pẹ́ láyé, ọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀." Èmi a sì dáhùn pé eruku náà wà nínú rẹ̀.

Àwọn tó pé jọ lónìí mọ̀ yín sí onísùúrù. Ohun tí wọn kò mọ̀ ni ọ̀ràn ìbọn ìléwọ́ bàbá mi. Mo fẹ́ sọ ọ́, nítorí kò sí ẹlòmíràn tó lè sọ ọ́ mọ́.

Bàbá mi lọ sógun Bọ́mà kí wọ́n tó bí mi. Ó padà dé, ó fẹ́ ìyá mi, ó ń fún epo, kò sì sọ̀rọ̀ ogun fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n bí kọ́kọ́rọ́ bá dún kẹ́ lẹ́nu ilẹ̀kùn, á fọwọ́ di àyà mú, á dúró bẹ́ẹ̀ títí. Ìbọn náà wà nísàlẹ̀ àpótí rẹ̀, gírísì bò ó bí amọ̀. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo nawọ́ sí i. Bàbá kò pariwo. Ó kàn sọ wẹ́rẹ́ pé, "Ọma mi, máà fọghọ́ kàn án." Ó ní ẹni tó ni ín kò tíì lọ.

Nígbà tí Bàbá kú, ẹbí pín aṣọ àti kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó fẹ́ ìbọn náà àfi ẹ̀yin. Ẹ ní òkú irin ni. Oyún wà nínú mi nígbà náà. Ẹ gbé e sórí tábìlì wa, ẹ fi kẹrosíìnì àti ewé ìpín fọ ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ búra pé ti ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì ni. Nígbà tí àmì jáde lára irin, ó rí bí ẹsẹ̀ adìẹ lórí iyanrìn. Ọjọ́ tí ẹ rí irú ìkọ̀wé kan náà lára páálí rédíò lọ́jà Òkìtìpupa, ẹ sáré wálé wá sọ fún mi pé ti ará Jàpáànù ni, àwọn tí bàbá mi bá jà. Inú yín dùn. Inú tèmi kò dùn, nítorí mo ti wá mọ irú ẹni tí kò tíì lọ náà.

Ó ku àìsàn tó ń ṣe ìbọn náà. Ilé ọta rẹ̀ tó rí roboto ń yí, ṣùgbọ́n ìbọn náà kò ṣí, ìdè rẹ̀ ti dípẹtà. Gírísì gbígbẹ dí gbogbo ihò rẹ̀, ẹ rò pé òfo ni. Ní ìrọ̀lẹ́, bí ẹ bá ti ilé ìwé dé, ẹ óò jókòó, ẹ óò máa fìka fà á bí ẹni tó fẹ́ yìn ín, ẹ óò dẹtí sí òòlù kékeré ẹ̀yìn rẹ̀. Kẹ́. Kẹ́. Ẹ ní imú òòlù náà ti ṣẹ́, òun ni ìró rẹ̀ kò fi dùn. Iwájú yín ni mo jókòó sí, tí mò ń rán aṣọ ọmọ. Bó bá ti dún, ọmọ inú mi á ta gìrì, lẹ́yìn náà á dákẹ́ bí ẹni tó ń fetí sílẹ̀. Mo sọ fún yín. Ẹ ní ẹsẹ̀ ló ń nà.

Alágbẹ̀dẹ rọ imú òòlù tuntun fún yín. Ẹ gbé e wálé, ẹ ní ọ̀la ni ẹ óò fi sí i. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni àdín tí ẹ ti ń kán sí ìdè rẹ̀ ṣiṣẹ́. Ìbọn náà ṣí lọ́wọ́ yín. Ẹ gún inú rẹ̀. Èèpo ọta tí wọ́n ti yìn ló kọ́kọ́ ń jábọ́. Lẹ́yìn náà odidi ọta kan jábọ́ sórí tábìlì, ó rọra yí wá sí ọ̀dọ̀ mi.

Ẹ mú un súnmọ́ àtùpà. Àpá kan wà nídìí rẹ̀ tó ti dúdú, ti ọjọ́ pípẹ́. Àwọn àpá wẹ́wẹ́ mìíràn yí i ká, wọ́n ń dán. N kò tètè lóye. Ẹ̀yin lẹ ṣàlàyé. Ẹnì kan ti fà á sí bàbá mi ní Bọ́mà, òòlù tó ṣẹ́ kò sì lu ọta náà dáadáa. Ìgbà yẹn ni ọwọ́ tí Bàbá máa ń fi di àyà mú wá yé mi. Àwọn àpá tuntun, ẹ̀yin lẹ lù wọ́n, níwájú èmi àti oyún mi.

Ẹ kúnlẹ̀. N kò rí ọkọ tó kúnlẹ̀ fún aya rí. Ẹ ní, "Ká ní ìbọn yìí pé ni, n kì bá tí láya, n kì bá tí bímọ." Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹ sọ imú òòlù tuntun náà sínú odò Olúwà, ẹ gbé ìbọn àti ọta lọ fún ọlọ́pàá ní Òkìtìpupa. Nígbà tí mo sì bí, ẹ sọ ọmọ wa ní Ikúforíjì.

Láti ìgbà náà, bí a bá ń gbàdúrà nílé, ẹ óò dárúkọ gbogbo ẹbí tán, ẹ óò tún gbàdúrà fún ọkùnrin kan tí ẹ kò mọ orúkọ rẹ̀, ẹni tí ìbọn rẹ̀ já a kulẹ̀. Inú máa ń bí mi. Mo ní ṣebí ó fẹ́ pa bàbá mi. Ẹ ní, "Bàbá rẹ délé. Òun kò dé." N kì í ṣe àmín.

Nígbà tí ibà yìí dá yín dùbúlẹ̀, lọ́sàn-án gangan, ẹ ṣíjú wo ẹnu ọ̀nà tí kò sẹ́nì kan níbẹ̀, ẹ ní kí n fún àlejò ní àga. Ẹ̀rù bà mí, ṣùgbọ́n mo gbé àga síbẹ̀. Ẹ rẹ́rìn-ín músẹ́. Kí oòrùn tó wọ̀, ẹ ti lọ. Àga náà ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà. N kò lè gbé e kúrò.

Ó dùn mí, Tíṣà. Ikúforíjì kò tíì mọ ìwé kà, ta ni yóò kọ́ ọ? Ṣùgbọ́n n kò ní dá yín dúró. Ẹ má jẹ ọ̀kùn, ẹ má jẹ ekòló, ohun tí wọ́n bá ń jẹ lọ́hùn-ún ni kí ẹ bá wọn jẹ. Bí ẹ bá rí bàbá mi, ẹ ní mo kí i. Bí ọkùnrin kejì bá jókòó tì í, ẹ má kọjá lára rẹ̀ láìkí i. Ẹ sọ fún un pé láti òní lọ, èmi ni n óò máa gbàdúrà fún un, Ikúforíjì ni yóò sì máa ṣe àmín.

Ẹ sùn re, ọkọ mi. Tíṣà, ẹ sùn re o.