Òkè Tí Mo Gùn Fún Ìyá Mi

Ẹ jẹ́ kí n bi yín, ta ló ń gun òkè lásán? Nílé wa l'Ékìtì, bí èèyàn bá ní òun ń lọ sórí òkè ní Sátidé, kò sẹ́ni tó máa bi í pé kí ló fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀. Àdúrà ni. Bóyá ó ń wá ọmọ, bóyá ara ẹnìkan ò yá. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi béèrè ohunkóhun nígbà tí ọmọbìnrin tó ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní ọ́fíìsì wa ní Randburg, ní Johannesburg níbí, kọ ọ́ sórí Wasáàpù pé àwọn kan fẹ́ lọ gun òkè Magaliesberg, kí ẹni tó bá fẹ́ fi orúkọ sílẹ̀. Èmi ni mo kọ́kọ́ fi orúkọ sílẹ̀.

Ìyá mi ló wà ní ọsibítù. Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé tí ẹ̀jẹ̀ ríru ti gbé wọn ṣánlẹ̀. Apá ọ̀tún ò ṣiṣẹ́ mọ́, ọ̀rọ̀ ò sì já gaara lẹ́nu wọn. Mo fẹ́ lọ sílé, àmọ́ pámíìtì tí mo fi ń gbé Johannesburg ti tán, tuntun ò tíì jáde. Bí mo bá fi lè kúrò nílùú, kò dájú pé wọ́n á jẹ́ kí n wọlé padà. Kí àìsàn yẹn tó dé, ìyá mi fúnra wọn ló ní kí n má wá o, kí n dúró gba ìwé mi. Èmi náà ṣe ọmọ gidi, mo dúró. Títí dòní ni inú ń bí mi sí ìgbọ́ràn yẹn.

Ohun kan ṣoṣo tí mo ń fẹ́ ni kí wọ́n dúró dè mí. Kí ìwé dé, kí n wọ bàálù, kí n bá wọn láàyè, kí n tún gbọ́ ohùn wọn. Bí mi ò bá lè dé Èkìtì, ṣebí mo lè gun òkè.

Aago mẹ́fà àárọ̀ ni mo dé ibi tí a ti fẹ́ pàdé. Mo wọ síkẹ́ẹ̀tì funfun, mo wé gèlè funfun, bàtà pẹlẹbẹ tí mo ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ló wà lẹ́sẹ̀ mi. Bíbélì àti ìgò òróró kan ló wà nínú báàgì mi. Ààwẹ̀ gbígbẹ ni mo gbà, omi ò kan ètè mi láti àná. Mo wá rí àwọn yòókù: ṣòkòtò péńpé, fìlà oòrùn, ọ̀pá lọ́wọ́, báàgì ńlá lẹ́yìn bíi ti sójà. Ẹnìkan ń pín sáńwíìṣì. Ẹnìkan ń fi ìpara kun imú. Mo wò yíká títí bóyá màá rí pásítọ̀.

Yéè! Ojú tì mí. Ìyá àgbàlagbà kan, ọmọ ẹ̀yà Zulu, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ni olórí wa. Mama ni gbogbo wọn ń pè wọ́n, èmi náà sì ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Wọ́n wo bàtà mi, wọ́n wo gèlè mi, wọ́n ní, "Eish, ọmọ mi, ṣé ṣọ́ọ̀ṣì lò ń lọ ni?" Mo lè padà sílé nígbà yẹn o. Àmọ́ Ọlọ́run tó ń gbọ́ àdúrà lórí òkè l'Ékìtì, ṣé yóò wá ní òun ò mọ ọ̀nà Magaliesberg ni?

Kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í gùn, àbúrò mi ọkùnrin tó ń tọ́jú Màmá fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ pé wọ́n mu ògì díẹ̀ láàárọ̀ yìí. Mo dúpẹ́, mo pa fóònù. Bí a ṣe ń ṣe é lórí òkè àdúrà nìyẹn, ẹni tó ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ kì í gba ìpè. Kò sẹ́ni tó ní kí n pa á. Àwọn tá a jọ ń lọ ń fi tiwọn ya fọ́tò.

Òkè yẹn kì í ṣe ẹgbẹ́ mi rárá. Òkúta ń yọ̀ lábẹ́ bàtà mi, oòrùn ń jó mi látàrí, ètè mi gbẹ bí èèpo ẹ̀pà. Mama na ìgò omi sí mi lẹ́ẹ̀mejì, mo kọ̀. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, wọ́n bínú. "Ṣé o fẹ́ kú sí mi lọ́rùn ni?"

Mo ní, "Ẹ má bínú, Mama. Ìyá mi ni mo ń gbààwẹ̀ fún."

Wọ́n wò mí. Wọ́n dá ìgò wọn padà, wọ́n gba báàgì mi, wọ́n gbé e kọ́ èjìká tiwọn.

Nígbà tá a dé òkè pátápátá, àwọn yòókù jókòó, wọ́n ń jẹun. Èmi lọ sẹ́yìn àpáta kan. Èdè Èkìtì ni mo fi gbàdúrà, èdè tí mi ò bá ẹnikẹ́ni sọ ní Johannesburg. Mo pe orúkọ ìyá mi, mo kì wọ́n ní oríkì wọn, mo ní, Olúwa, má tíì mú wọn lọ. Là wọ́n lóhùn. Jẹ́ kí n gbọ́ ohùn wọn. Mo kígbe títí ohùn mi fi há. Nígbà tí mo dìde, ara mi fúyẹ́. Ó dá mi lójú pé àdúrà ti gbà.

Ìsàlẹ̀, níbi tí a gbé mọ́tò sí, ni mo ti tan fóònù. Àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé pé àbúrò mi ti pè mí nígbà mẹ́ta. Mo pè é padà. Kò kí mi. Ó ní, "Àǹtí mi, ta ló wà lọ́dọ̀ yín níbẹ̀?"

Ẹ̀yin náà mọ ìbéèrè yẹn. Èmi fúnra mi ti bi èèyàn rí. Nígbà tí bàbá obìnrin kan tó ń ta èlùbọ́ ní Yeoville kú nílé, àwa mẹ́rin la lọ bá a. A jẹ́ kó jẹun ná, a bá a ṣeré, ìgbà tó jókòó dáadáa la tó sọ ọ́. A kì í sọ ọ́ fún ẹni tó dá dúró. Nítorí náà mo ní, "Kò sẹ́nì kankan lọ́dọ̀ mi." Bí kò bá rí ẹni tí mo máa gbé fóònù fún, kò ní lè sọ ọ́. Bí kò bá sì sọ ọ́, kò tíì ṣẹlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí mi, ẹ gbé fóònù fún àgbà kan."

"Sọ fún mi pé ara Màmá ti yá. Purọ́ fún mi."

Ó bú sẹ́kún. Mama gba fóònù lọ́wọ́ mi. Mo mọ ohun tí àbúrò mi ń fi òyìnbó bẹ̀ wọ́n fún: kí wọ́n mú mi délé, kí wọ́n má sọ nǹkan kan títí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì mi á fi dé. Wọ́n gbọ́ ọ tán. Wọ́n di apá mi méjèèjì mú, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ìyá ẹ ti lọ."

Háà! Mo já ara mi gbà. Mo ní ṣé bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn, lórí ìdúró, lẹ́bàá mọ́tò, bí ẹni ń sọ pé òjò fẹ́ rọ̀? Mo pariwo lé ìyá àgbà yẹn lórí. Wọn ò bínú. Wọ́n ní, "Mi ò lè máa wò ẹ́ lójú dé Randburg kí n mọ̀ ọ́n, kí ìwọ má mọ̀ ọ́n." Wọ́n gbé omi sí mi lẹ́nu. Mo mu ún.

Orí fóònù ni mo ti wo ìsìnkú, nínú yàrá mi. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ mo bi àbúrò mi nípa ìpè mẹ́ta yẹn. Mo rò pé ó fẹ́ sọ fún mi pé ó ti ń burú ni. Kò fẹ́ dáhùn, mo fipá mú un. Ó ní rárá o, Màmá ló ní kí òun pè mí. Lẹ́yìn ògì yẹn, ohùn wọn là. Odindi wákàtí kan ni wọ́n fi sọ̀rọ̀, ó já gaara, wọ́n tilẹ̀ bá nọ́ọ̀sì ṣàwàdà. Wọ́n ní àwọn fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀. Nígbà tí fóònù mi ò lọ lẹ́ẹ̀kẹta, ó fẹ́ tún gbìyànjú, Màmá ní, "Fi í sílẹ̀, jẹ́ kó sùn. Ó ń ṣiṣẹ́ jù."

Mi ò sùn, Màmá. Ẹ̀yin ni mo ń pè.