Ìgò Bẹ́nsíìnì Mẹ́rin

Mo ní ìwà kan tí kò dáa: bí mo bá ti ní báyìí ni nǹkan máa rí, àfi kó rí bẹ́ẹ̀. Ìwà yẹn ni mo gbé wọ làábù ní Enugu, lọ́dún tí àwọn ológun padà gbàjọba, tí mo ń múra àtigba oyè yunifásítì.

Iṣẹ́ tí wọ́n fún mi ni láti wọn bí iná mànàmáná ara mólékù kan, ẹyọ tíntìntín inú nǹkan, ṣe tẹ̀ sí apá kan tó. Mólékù tí iná rẹ̀ bá tẹ̀ báyìí máa ń fa ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ́ra, orí eléyìí á máa wá ìdí tọ̀hún. Kó o tó lè wọn ẹyọ kan, o gbọ́dọ̀ tú wọn ká sínú nǹkan olómi tí kì í gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Bẹ́nsíìnì ni tiwa. Ó mọ́ gaara, òórùn rẹ̀ sì dùn bíi ti èso tó pọ́n jù. Ṣùgbọ́n bí omi bá kàn án pẹ́nrẹ́n, irọ́ ni ẹ̀rọ ìwọ̀n máa pa.

Òjò Enugu ò sì jẹ́ n gbádùn. Ojoojúmọ́ ni àwọn àmì orí ìwé mi ń wọ́, wọn ò tò sórí ìlà kan. Bàbá tó ń tọ́jú làábù, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń gbé ládùúgbò Asata, ló ń bá mi se bẹ́nsíìnì náà títí omi inú rẹ̀ á fi tán. Bí gírísì bá kàn án lọ́wọ́, bẹ́nsíìnì náà ló fi ń fọ̀ ọ́.

"Ó tó gẹ́ẹ́, ìwọ ọmọ yìí. Ìka ò dọ́gba, tìẹ ló fẹ́ dọ́gba?"

"Kò tó, Bàbá. Ẹ jẹ́ ká dà á nù, ká tún un ṣe."

Á rẹ́rìn-ín. Kì í dà á nù o, inú ìgò ló ń rọ ọ́ sí, ìgò kan fún ìdíwọ̀n kan, á gbé e lọ sílé. Mi ò béèrè ohun tó ń fi ṣe.

Nígbà tó ku ìdíwọ̀n mẹ́rin kí n parí, mo kà á nínú ìwé kan pé bẹ́nsíìnì máa ń wọ mùdùnmúdùn eegun lọ, á sì ba ẹ̀jẹ̀ jẹ́. Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni mo rí i tí apá Bàbá dúdú láwọn ibì kan. Ó ní òun ò rántí ibi tí òun ti fi gbá nǹkan. Mo pa ìwé dé. Bí mo bá sọ fún un, ta ni yóò bá mi se é? Ẹ má bi mí pé irú èèyàn wo ni mí, mo ti bi ara mi.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ìlà mi tọ́. Ọ̀gá tó ń darí iṣẹ́ mi bọ̀ mí lọ́wọ́. Lọ́jọ́ kejì Bàbá ò wá síṣẹ́, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ń jáde léèrìgì rẹ̀. Mo sáré lọ sí Asata láti jẹ́wọ́.

Láti ẹnu ọ̀nà ni òórùn dídùn yẹn ti pàdé mi. Ìyàwó rẹ̀ jókòó lórí àpótí, ó ń fi bẹ́nsíìnì nu epo pupa kúrò lára yúnífọ́ọ̀mù àwọn ọmọ. Ọmọbìnrin kékeré kan na imú sínú ìgò: "Mama, abeg, make I smell am small."

Mo já ìgò náà gbà lọ́wọ́ wọn. Ìyá rẹ́rìn-ín, ó rò pé mo fẹ́ bá òun ṣiṣẹ́ ni.

"Ọmọ wa, ìwọ la bá máa kí. Bàbá wọn ní bí o ṣe ń ní kí àwọn tún un ṣe ni òun fi ń rí i gbé wálé." Ó nawọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì tí Bàbá dùbúlẹ̀ sí, ó fa ìgò tí ọkọ rẹ̀ gbé dé lọ́sẹ̀ yẹn jáde fún mi. Mẹ́rin ni.

"Mú ọ̀kan dání," ló wí. "O ò lè wá kí wa, kó o lọ lọ́wọ́ òfo."