Tíṣà Akínlẹ́yẹ Tó Ń Jí Géèmù Dìde

Kò sí ẹni tó ń gbé Ayọ̀bọ̀ nígbà náà tí kò gbọ́ nípa ọjọ́ tí Tíṣà Akínlẹ́yẹ gbé òkú gba Ẹ̀gbẹ́dá kọjá. Òkú kọ́ ni o. Ẹ̀rọ géèmù ni, irú èyí tó ga ju èèyàn lọ, tí wọ́n máa ń tò sí ilé ìṣeré láyé ijọ́un, tí èèyàn á dúró níwájú ẹ̀, á sọ owó ẹyọ sí i lẹ́nu, á sì máa fi ọ̀pá kékeré darí mọ́tò tó ń sáré nínú gíláàsì. Òtẹ́ẹ̀lì kan tí wọ́n ń wó lọ́wọ́ ni Tíṣà ti rí i. Ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù kékeré, ó fi aṣọ funfun bò ó nítorí eruku, òun fúnra ẹ̀ sì jókòó tì í, ó gbé ọwọ́ lé e láyà kó má baà máa mì.

Bí wọ́n ṣe dé Ẹ̀gbẹ́dá ni àwọn ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí fìlà. Ìyá àgbàlagbà kan sún mọ́ ọkọ̀ náà, omi ti lé ròrò sójú ẹ̀.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, bàbá. Ọlọ́run á tù yín nínú. Ṣé àgbà ni?"

Tíṣà rò pé ẹ̀rọ ló ń béèrè. "Kò lè ju ogójì ọdún lọ, mà."

"Yéè! Ọ̀fọ̀ ńlá! Kí ló pa á?"

"Kò kú," ni Tíṣà wí, ó sì rọra gbá aṣọ funfun náà. "Ojú ẹ̀ ni kò là. Tí mo bá gbé e délé, màá ṣí i láyà, màá fi iná sí i, á jí."

Ìyá náà sá lọ, bàtà ẹ̀ kan ṣẹ́kù sílẹ̀. Nígbà tó fi máa di àárọ̀ ọjọ́ kejì, ọkùnrin kan ti gbé màmá ẹ̀ tí orúnkún ń dá lóró wá sẹ́nu géètì Tíṣà, ó ní wòlíì tó ń jí òkú làwọn ń wá. Tíṣà bẹ̀ wọ́n, ó fún màmá náà lómi tútù, ó sì fi ẹ̀rọ tó ti tú ká sílẹ̀ hàn án. Màmá wo wáyà, ó wo Tíṣà, ó ní, "Ọmọ mi, gbé mi padà sílé jàre. Ìṣòro bàbá yìí ju tèmi lọ."

Ọmọ Èkìtì ni Ilésanmí Akínlẹ́yẹ. Jọ́gíráfì ló kọ́ àwọn ọmọ nílé ẹ̀kọ́ ìjọba títí ó fi fẹ̀yìn tì, ó sì ti kọ́lé sí Ayọ̀bọ̀ nígbà tí oko ẹ̀gẹ́ ṣì pọ̀ ju ilé lọ níbẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ tó fẹ̀yìn tì ń sin ẹja àrọ̀. Òun ń kó géèmù tó ti bàjẹ́ jọ. Bí wọ́n bá bi í pé kí ló ń fi wọ́n ṣe, á ní ohun téèyàn fi ọwọ́ ẹ̀ ṣe, tó sì mú èèyàn rẹ́rìn-ín rí, kò yẹ kó jẹrà sẹ́yìn ilé.

Àlàájì Ràímì, káfíńtà ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń gbé ilé kejì, ló máa ń bá a ṣe igi ara wọn. Gbogbo ìgbà ni wọ́n ń jiyàn.

"Tíṣà, tí a bá tún un ṣe tán, kí lẹni tó ń ta á bí ayò máa rí níbẹ̀?"

"Á kú nínú géèmù, á tún bẹ̀rẹ̀."

"Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́?"

"Á tún kú."

"Ṣebí bí a ṣe ń ti Ayọ̀bọ̀ jáde lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́ náà nìyẹn," ni Àlàájì wí.

Ní Ṣàṣà, Tíṣà rí òmíràn lẹ́yìn ilé obìnrin kan tó ń jẹ́ Sìdíkátù. Inú ẹ̀ ni adìẹ Sìdíkátù ń sàba sí. Obìnrin náà ní kí Tíṣà máa gbé e lọ, àmọ́ kó má da adìẹ òun láàmú. Àlàájì kan ilé adìẹ tuntun, ilé tó dára. Adìẹ náà wò ó látòkè délẹ̀, ó yíjú padà, ó wọ inú géèmù lọ. Ni Tíṣà bá gbé géèmù, adìẹ àtẹyin, ó di Ayọ̀bọ̀.

Fọláṣadé, ìyàwó ẹ̀, ṣí ilẹ̀kùn pálọ̀. Ojú òun àti adìẹ pàdé ní ibi tí gíláàsì géèmù wà tẹ́lẹ̀.

"Bàbá Fúnmi, kí lèyí?"

"Àlejò ni. Kò ní pẹ́ lọ."

Títí adìẹ náà fi pa ẹyin ẹ̀, Tíṣà ò jẹ́ kí Àlàájì kan ìṣó kan ṣoṣo nínú ilé. Nígbà tí wọ́n dá adìẹ àtàwọn ọmọ ẹ̀ padà sí Ṣàṣà, Fọláṣadé ló wá ń béèrè àlàáfíà ẹ̀ ju ti àwọn àna ẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n Fọláṣadé kì í fọwọ́ kan géèmù. Ìṣeré ọmọdé ló ń pè é. Tíṣà náà kì í sì í gbà kéèyàn lu òun nínú géèmù. Tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni bá ti fẹ́ ju tiẹ̀ lọ, á ní iná ló ń já. Lọ́jọ́ tí Àlàájì fẹ́ lù ú, iná ò tiẹ̀ já rárá. Tíṣà fúnra ẹ̀ ló pa iná ẹ̀rọ, ó ní òun ń ṣọ́ ẹ̀rọ kó má baà jó.

Àfi bí Fọláṣadé ṣe ṣubú ní balùwẹ̀ lọ́jọ́ kan. Àrùn rọpárọsẹ̀ ni. Ẹsẹ̀ padà bọ̀ sípò díẹ̀díẹ̀, àmọ́ ọwọ́ ọ̀tún, ọwọ́ tó fi ń ránṣọ, rọ jọ̀wọ̀lọ̀. Nílé ìwòsàn, wọ́n fún un ní bọ́ọ̀lù kékeré pé kó máa tẹ̀ ẹ́. Ó jù ú sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Olúfúnmiláyọ̀, ọmọ wọn tó ń gbé Gowon Estate, wá, ó bẹ̀ ẹ́ títí.

"Ẹ fi mí sílẹ̀," ni gbogbo ohun tí Fọláṣadé ń sọ.

Tíṣà ò bẹ̀ ẹ́. Òun àti Àlàájì gé ìdí géèmù kan kúrú, kéèyàn lè jókòó ta á, wọ́n gbé e sí pálọ̀. Tíṣà jókòó tì í, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wa mọ́tò inú ẹ̀ bí ẹni tí ò rí mọ́tò rí. Ó kọ lu igi, ó kọ lu ògiri, ó já sódò.

Fọláṣadé fara dà á títí, kò lè fara dà á mọ́. "Bàbá Fúnmi, ṣé ẹ ò rí ògiri ni?"

"Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n wà kó wá wà á."

Inú bí i. Ó wọ́ àga ẹ̀ wá. Tíṣà fi aṣọ so ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀ mọ́ ọ̀pá, kò sì ràn án lọ́wọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọwọ́ náà ń yọ̀, Fọláṣadé ń bú ẹ̀rọ, ó ń bú ẹni tó gbé e wálé. Bí ó ṣe ń bú u, bẹ́ẹ̀ ni inú Tíṣà ń dùn. Ó ti pẹ́ tí ilé náà ti pa rọ́rọ́. Nígbà tó yá, wọ́n tú aṣọ. Nígbà tó tún yá, àwọn ìka bẹ̀rẹ̀ sí í di ọ̀pá náà mú fúnra wọn.

Ní ọ̀sán Sátidé kan tí Àlàájì ń wò wọ́n, mọ́tò Fọláṣadé lé mọ́tò Tíṣà bá nínú géèmù, ó sì kọjá ẹ̀ fìrì. Àlàájì ti ń retí pé Tíṣà á ní iná ló já. Tíṣà kàn ń wo gíláàsì náà.

"O lù mí," ló wí. "Fọláṣadé, o mà lù mí!"

Nígbà tí Àlàájì ń lọ, ó fa Tíṣà sí kọ̀rọ̀. "Tíṣà, ẹ sọ òótọ́. Ṣé ẹ jẹ́ kí wọ́n lù yín ni?"

"Àlàájì, ẹ mọ̀ mí. Ṣé èmi ni mo máa jẹ́ kéèyàn lù mí?"

Àlàájì ò tíì mọ èyí tó jẹ́ òótọ́ títí dòní.

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá ni Tíṣà sùn lọ lórí àga lọ́sàn-án, tí kò sì jí mọ́. Lẹ́yìn ìsìnkú, Olúfúnmiláyọ̀ fẹ́ kó àwọn ẹ̀rọ náà kúrò kí pálọ̀ lè fẹ̀. Màmá ẹ̀ ní kó fi wọ́n síbẹ̀. Àlàájì ń yà lọ́dọ̀ Fọláṣadé lẹ́yìn ìrun Àsárì kí wọ́n jọ ta géèmù, títí èyí tí wọ́n ń ta fi daṣẹ́ sílẹ̀. Àlàájì ṣí ẹ̀yìn ẹ̀, ó yọjú wo wáyà, ó mí kanlẹ̀.

"Ìyá Fúnmi, igi nìkan ni mo mọ̀ o."

Fọláṣadé rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú ẹ̀. Ó nu ojú, ó mú sukudiráfà. "Ẹ bá mi di ibí yìí mú, Àlàájì. Ká wo ohun tó ń ṣe é."

Ẹ̀rọ náà ò tíì ṣiṣẹ́. Àmọ́ ẹni tó bá gba iwájú ilé náà kọjá nírọ̀lẹ́ á gbọ́ wọn tí wọ́n ń jiyàn lórí wáyà pupa àti dúdú. Wọ́n á jiyàn títí, Fọláṣadé á wá gbé sukudiráfà sílẹ̀.

"Ká ní Tíṣà wà níbí ni, á ti bú wa," ni Àlàájì á wí.

"Á bú wa dáadáa," ni Fọláṣadé á dáhùn.