Ikàn Sísun Ìyá Onílé Mi

Bí mo bá ti gbọ́ òórùn èèpo ata tó ń jó lórí iná, ìyá onílé mi ní Ìjẹ̀bú-Òde ni mo máa ń rántí. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n máa ń sun ikàn àti tàtàṣé lórí èédú. Wọ́n á fi ìka bó èèpo rẹ̀ ní gbígbóná, wọ́n á fi epo àti iyọ̀ rún un, wọ́n á sì fi jẹ iṣu. Wọn kì í jẹ́ kí n fi omi ṣàn án. Wọ́n á ní, "Omi á gbé adùn rẹ̀ lọ."

Nígbà tí orúnkún kò jẹ́ kí wọ́n lè lóṣòó nídìí iná mọ́, èmi ni mò ń bá wọn sun ún. Ní Jímọ̀ kan, ó rẹ̀ mí. Mo se ikàn náà lórí gáàsì, mo bó o, mo gbé e fún wọn.

"Ṣé èédú lo fi sun ún?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n sì ṣàdúrà fún mi.

Nígbà tó di Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, mo ti ibi iṣẹ́ dé, mo bá wọn nílẹ̀ nídìí iná, wọ́n na ẹsẹ̀ wọn tó wú, wọ́n ń fẹ́ná.

"Màmá, ẹ jẹ́ n bá yín ṣe é."

Wọ́n ti bu tèmi sínú abọ́.

"Jókòó jẹun," ni wọ́n wí. "Mi ò fẹ́ kó o tún purọ́ nítorí ikàn."